Òkìtì Eérú Tí Felicia Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Dà Nù ní Dei-Dei

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Felicia Adébíyì jẹ́, ẹ má wulẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Garki. Wọ́n á ní èèyàn jẹ́ẹ́ ni, pé kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, pé fáìlì kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò purọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko lobìnrin náà fi jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo, tó ń ti ìwé láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìyẹn mọ̀ ọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n rárá.

Ìmọ̀ irin, bàbà, òjé àti síǹkì ló kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kó fara balẹ̀ ná, àwọn ń bọ̀ wá kọ́ yàrá àyẹ̀wò fún un, gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà nínú páálí. Ó fara balẹ̀. Ọ̀gá kan lọ, òmíràn dé. Páálí wà níbẹ̀, eku ń bímọ sínú rẹ̀. Títí Felicia fi fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò tú okùn ìdí páálí náà. Ẹ gbà mí! Èèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ irin lára òkúta, ẹ wá fi í ṣọ́ fáìlì. Inú ń bí mi tí mo bá rántí, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ohun kan wà tó dùn ún ju ọ̀rọ̀ páálí lọ. Nígbà tí Ṣọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà ní káwọn ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí òbí wọn ń ṣe. Ṣọlá dìde, ó ní, "Mọ́mì mi máa ń jókòó." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà sọ ọ́ fún Felicia lẹ́nu géètì, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Felicia bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ ò ṣe nǹkan kan, ohun tó rí ló sọ.

Ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì ni ẹsẹ̀ irin tí táǹkì omi rẹ̀ dúró lé nílé rẹ̀ ní Kado dógùn-ún, tó sì fẹ́ wó. Àwọn aládùúgbò ní kó lọ sí Dei-Dei, pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Ameen, tó ń ti irin bọ inú síǹkì tó yọ́, pé irin tó bá ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ìpáàrà ò ní í rí i jẹ fún ogún ọdún. Ọmọ Ìlọrin ni Ameen, Abuja ni wọ́n bí i sí, ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Yorùbá àti Háúsá jọ ń gbé lẹ́nu rẹ̀ láìjà.

"Òkun o," Felicia kí i nígbà tó dé, nítorí ọmọ Okun ni, láti ìhà Kàbbà, ọdún tó ti lò ní Abuja ò sì gba ìkíni ilé wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Sànnu, Màmá. Ẹ káàbọ̀, ẹ wá jókòó síbí."

Felicia ò jókòó. Ó ti rí ìkòkò irin gbọọrọ kan lábẹ́ páànù, tí síǹkì yíyọ́ ń tàn yanran nínú rẹ̀. Ó rí ọkùnrin kan tó ń fi ṣíbí onírin gígùn ha eérú tó dì lójú síǹkì náà, bí ìgbà tí èèyàn ń ká ìdì orí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti wo ibi tó ń da eérú náà sí. Òkìtì ló bá níbẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, gbogbo rẹ̀ rí wúrúwúrú. Felicia bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ kí eérú wúwo lọ. Ó yíjú sí Ameen tó tẹ̀ lé e wá.

"Ameen, kí lò ń fi èyí ṣe?"

"Ìdọ̀tí ni, Màmá. Ẹni tó máa ń wá kó o tẹ́lẹ̀ ò wá mọ́. Lánlọ́ọ̀dù wá ní kí n palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Lọ́rì ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, wọ́n máa lọ dà á sí kòtò kan lẹ́yìn ìlú."

"Kí òjò wá máa wẹ̀ ẹ́ lọ sínú odò? Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀ o." Felicia na ẹ̀kúnwọ́ náà sí i. "Síǹkì lèyí. Ó ju ìdajì òkìtì yìí lọ."

Ameen rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ìwọ̀sí. "Kai, Màmá! Síǹkì tí mò ń lò, orí òkun ló ń gbà wá. Ẹ wá ní ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Mo ní ó wà níbẹ̀. Fún mi láyè, màá yọ ọ́ hàn ọ́."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀: obìnrin arúgbó tó so gèlè pẹlẹbẹ, tó gbé báàgì ṣọ́ọ̀ṣì dání. Bóyá àánú ló ṣe é. Ó ní, "Òní Mọ́ńdè nìyí. Tí ẹ bá fi síǹkì hàn mí kí lọ́rì tó dé, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan òkìtì yìí. Tí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o lọ ní Sátidé."

Felicia ní ó dáa. Ohun tí kò sọ fún un ni pé òun ò fọwọ́ ara òun yọ síǹkì rí láyé òun. Inú ìwé ló ti kà á. Ó mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ Orin Dáfídì, àmọ́ ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ilé ló ti lọ wá ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ayé àtijọ́ jáde, èyí tí ikán ti jẹ létí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ameen. Iyọ̀ tí Ameen fi ń wẹ irin kó tó tì í bọ síǹkì ṣì wà lára eérú náà, iyọ̀ ọ̀hún sì ní láti kọ́kọ́ jáde. Felicia da omi sí eérú nínú ike ńlá, ó rò ó, ó jẹ́ kó tòrò, ó ṣẹ́ omi orí rẹ̀ kúrò, ó tún da òmíràn sí i. Ẹni tó bá ti ń tọ́jú ògì rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà mélòó ló rò ó, Ọlọ́run ló mọ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá, ó fi gíláàsì ńlá bojú, ó lé gbogbo èèyàn lọ sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ó da ásíìdì bátìrì sínú omi díẹ̀díẹ̀, ó wá ń bu eérú sí i. Omi náà ń hó, ó ń yọ èéfín, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó ń bu eérú sí i títí ẹnu ásíìdì fi kú, tí ìpáàrà irin inú rẹ̀ fi rì sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́. Omi tó kù mọ́ gaara, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á gbé e mu, kó sì kú.

Ameen tẹjú mọ́ omi náà títí. "Màmá, eérú yẹn dà?"

"Ó ti yọ́."

"Síǹkì ńkọ́?"

"Ó wà nínú omi tí ò ń wò yìí."

Ameen gbé ojú sókè wò ó, ó tún wo omi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ti ń fi ogún ọdún yọ́ síǹkì pẹ̀lú iná, òun ò mọ̀ pé ó lè sá wọ inú omi kí èèyàn má rí i. Felicia náà ń wo omi ọ̀hún, ẹ̀rù ìyanu ń bà á. Ó mọ ìdí ẹ̀, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín lórí bébà, síbẹ̀ ara rẹ̀ ṣe gìrì.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó wá ku iná mànàmáná. Ó to abọ́ ike mẹ́ta, ó bu omi náà sí wọn, ó kán ásíìdì díẹ̀ sí i kí iná lè rọ́nà gbà. Ó fi pẹlẹbẹ òjé kan àti pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀ mọ́ ṣájà tí wọ́n fi ń gba iná sí bátìrì mọ́tò. Ó tan iná. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfóófòó wẹ́wẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó fa alumíníọ̀mù kan sókè díẹ̀, nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó funfun, ó fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Felicia fi orí ìka kàn án. Ó rọra dá a padà sínú omi. Ó ń sọ lábẹ́ èémí pé, "Olúwa mi, òótọ́ ni. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Aago kan géérégé, iná lọ.

Kí ni ẹnikẹ́ni ní Abuja máa ń ṣe tí iná bá lọ? Ẹ̀ẹ́ pòṣé, ẹ̀ẹ́ ní "wọ́n á mú un dé," ẹ ó sì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ohun tí Felicia náà ṣe nìyẹn. Ó fi tíréè bo àwọn abọ́ náà kí eruku má baà bọ́ sí i. Ó ti ra ẹja yíyan lọ́jà ẹja Kado láàárọ̀, ó tú u, òun àti Ameen jókòó, wọ́n ń jẹ. Ameen tilẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Bíná kú, a feérú bojú, Màmá. Tiwa kú, a sì ní eérú lẹ́yìnkùlé." Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa.

Iná dé ní aago mẹ́ta. Felicia ṣí tíréè, ó fa alumíníọ̀mù sókè. Ó mọ́ féfé. Ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta. Bí wọ́n ṣe tà á fún un ní ṣọ́ọ̀bù ló rí, kò sí ohunkóhun lára wọn.

"Màmá," Ameen sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé àlá la lá ni?"

Felicia gbé pẹlẹbẹ náà kalẹ̀. Ó ti rántí. Ó wà nínú ìwé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún: bí iná bá ti já, kí a fa pẹlẹbẹ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí síǹkì á padà sínú ásíìdì. Ẹni tó kọ ìwé náà ń gbé níbi tí iná kì í lọ, ó kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Felicia ń gbé níbi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, ó sì ti kọ́ láti máa fi sùúrù dúró dè é. Wọ́n ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ fún síǹkì. Sùúrù ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló jẹ ẹ́ run lójú Felicia lọ́sàn-án yẹn, níbi tó ti ń jẹ ẹja.

Nírọ̀lẹ́, Ṣọlá bá a nínú ilé ìdáná, kò tíì bọ́ bàtà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ṣọlá báyìí, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ló ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Abuja ló dàgbà sí, ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì.

Felicia ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo fẹ́ yá bátìrì ínfátà rẹ méjèèjì tó ń gba iná pamọ́ lọ́la. Ìyẹn kì í já."

"Mọ́mì, háà! Mítìnnì ńlá mi ńkọ́? Aago méjì ọ̀la. Tí iná bá lọ..." Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣọlá fi ń sọ ọ́. "Mọ́mì, tìtorí eérú?"

Lọ́jọ́ mìíràn, Felicia ì bá ní kó má ṣèyọnu. Èèyàn jẹ́ẹ́ kúkú ni. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ tó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. "Ṣọlá, mo rí i. Mo fojú ara mi rí i lónìí, ó tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí wọ́n bá fi kó òkìtì yẹn lọ ní Sátidé, mi ò ní rí irú ẹ̀ mọ́ kí n tó kú."

Ṣọlá ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Diméjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kó bá òun dúró ní mítìnnì. Ó tú bátìrì méjèèjì, ó gbé wọn sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ wa ìyá rẹ̀ lọ sí Dei-Dei.

Lọ́jọ́ Fúráìdè náà, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n so wáyà mọ́ bátìrì. Felicia fa àpótí kan, ó jókòó síwájú abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tẹjú mọ́ ìfóófòó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ameen mú oúnjẹ wá, kò jẹ. Ameen lọ kírun Jímọ̀, ó dé, ó bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Ṣọlá kọ́kọ́ ń tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè máa wo ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀ yẹn kí ó má wo ohun tó ń wò. Ó súnmọ́ tòsí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kí lèyí? Kí ló dé tí òjé kì í fi í yọ́? Felicia ń ṣàlàyé láìgbé ojú kúrò nínú abọ́. Gbogbo ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún yẹn wá, tí kò sẹ́ni tó bi í, ló ń jáde. Ṣọlá gbé ìbọ̀wọ́ kejì wọ̀, ó lóṣòó tì í.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ìfóófòó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà nínú abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Fà á jáde!" Felicia figbe ta. "Ṣọlá, fà á jáde!"

Ṣọlá ò béèrè ìdí. Ó ti fa méjì sókè kí Felicia tó fa ìkẹta, omi ń ro tótó lára wọn. Ó ri wọ́n sínú omi mímọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń nawọ́ sí i. Ameen sáré wo bátìrì. Wáyà tó wà lórí bátìrì ló dẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ameen mú sípánà, ó fún un le. Nígbà tí wọ́n wo àwọn pẹlẹbẹ náà, ohun tó wà lára wọn ṣì wà níbẹ̀, ó ti nípọn, kò sì dín. Wọ́n dá wọn padà. Ìfóófòó tún bẹ̀rẹ̀.

Aago márùn-ún ni Felicia ní ó tó. Ó fa àkọ́kọ́ jáde, ó fi omi ṣàn án, ó nù ún. Ó ti ẹnu ọ̀bẹ bọ etí rẹ̀, ó rọra gbé e. Ó ṣí kúrò lára alumíníọ̀mù lódindi, bí awọ, pẹlẹbẹ irin kan tó funfun rokoṣo, tó tutù, tó wúwo lọ́wọ́. Mọ́ńdè, eérú ni. Wẹ́sìdeè, omi ni. Ó dé yìí o, ó ń dán.

Ameen gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e sí ìmú. Kò tíì gbà tán, oníṣòwò ni. Ó ṣẹ́ ẹ sínú ṣíbí irin ńlá kan, ó ṣẹ́ méjì tó kù, tí Felicia náà ti ṣí, mọ́ ọn, ó gbé ṣíbí náà sórí iná. Ó yọ́, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Ameen mú ìṣó kan tí wọ́n ti wẹ̀, ó fi ẹ̀mú ti orí rẹ̀ bọ inú ṣíbí náà, ó fà á jáde. Ibi tó wọlé ti funfun, ó ń tàn, àwọn òdòdó kéékèèké tí síǹkì tòótọ́ nìkan máa ń ṣe sì wà lára rẹ̀ fínnífínní.

"Subhanallahi," Ameen wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, òkìtì yẹn ga jù mí lọ. Mo ń bẹ lánlọ́ọ̀dù, mo ń bẹ onílọ́rì, pé kí wọ́n bá mi kó o dànù." Ó yọ fóònù, ó pe onílọ́rì níbẹ̀ lójú wọn. Ó ní kó má wulẹ̀ wá lọ́la, kó má wá lọ́túnla, ibi ìkẹ́rù òun ni ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun báyìí. Lẹ́yìn náà ló bi Felicia bóyá ó lè máa bọ̀ láti Mọ́ńdè, pé òun á kan àtíbàbà gidi síbẹ̀, pé òun á ra bátìrì. Felicia ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń dà lójú rẹ̀ bọ́ sára ìbọ̀wọ́.

Fóònù Ṣọlá dún. Diméjì ni. Ó ní mítìnnì ti parí, gbogbo èèyàn ń béèrè rẹ̀, ibo ló wà? Ṣọlá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó wo ìyá rẹ̀, tó tún ti lọ jókòó sórí àpótí síwájú abọ́ tó ṣófo, tó di ìṣó náà mú láàárín ìka méjì. Ó gbé ohùn sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́.

"Diméjì," ó ní, "mo wà níbi iṣẹ́ mọ́mì mi."